Òṣé Ṣínàtù

Fíìmù náà ò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ẹ̀gbà ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Abọ́sẹ̀dé wo ẹ̀gbà náà bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ dójú tini níwájú àlejò. Ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ jókòó ò tíì jáde rárá. Lára ògiri tó wà níwájú rẹ̀, ìyàwó ilé kan ṣì ń gbálẹ̀ ni, eruku ń sọ, adìyẹ kan ń kọjá. Kò sí ohun tó yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé mọ ohun tó ń bọ̀. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí, obìnrin kan á wọlé, á wo ilẹ̀ tí ìyàwó ilé gbá, á sì pòṣé.

Òṣé yẹn ló wá gbọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Ẹ rọra mí, mà," ohùn Olúgbọ́dé wí nínú ẹ̀rọ etí. Ó wà ní yàrá kejì, ó ń ṣọ́ àwọ̀ ẹ̀gbà náà. "Ẹ ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ẹ ti dé àwọ̀ ọsàn. Ẹ má jẹ́ kó pọ́n."

"Mò ń mí."

"Ẹ ò mí, mà. Ẹ̀ ń fa èémí sínú ni, ẹ ò dá a padà."

Abọ́sẹ̀dé dá a padà. Yàrá àkọ́wò tutù, torí inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ Ilé Ìtura sí, níhà ibi tí Abẹ́òkúta ti ń wo odò. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ apá ọ̀tún àga náà ni bọ́tìnnì funfun kan wà, tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn pé ÌTURA LẸ̀TỌ́ Ẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Abọ́sẹ̀dé ti ń gba abẹ́ àkọlé yẹn wọlé, kò sì kà á mọ́.

"Òfin ní kí n kà á fún yín," Olúgbọ́dé wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì. "Ibikíbi tí àyà olùwò bá ti já nígbà àkọ́wò, ẹ̀rọ yóò fọ ibẹ̀ kúrò nínú fíìmù, fún ìtura gbogbo ará ìlú. Ibi tí àyà ò bá ti já yóò wà bó ṣe wà. Olùwò tó bá rí i pé òun ò ní lè fara dà á lè tẹ bọ́tìnnì funfun kó yọwọ́ kí ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún tó pé, ẹlòmíràn yóò sì wò ó dípò rẹ̀. Ẹni tó bá yọwọ́, òfin yóò dáàbò bò ó. Kò ní fojú kan fíìmù náà mọ́ láyé rẹ̀, ní gbangba tàbí nílé."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìyẹn lọ́jọ́ tí o wọṣẹ́."

"Mo mọ̀, mà. Mo fo ìlà kan, ẹ bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé ẹ ti sọ fáwọn ọ̀gá lókè pé ìyá yín ló wà nínú ẹ̀?"

"Tí mo bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí n jókòó síbí."

"Òótọ́ ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ kan ní Ìtòkò rí sídíì kan nínú àjà, tí wọ́n wé mọ́ nínú ọ̀rá bíi pé ẹja gbígbẹ ni. Wọ́n gbé e wá sí Ilé Ìtura bí òfin ti wí. Ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, *Ẹnu Ọ̀nà Kejì*, ó sì fún Abọ́sẹ̀dé, torí òun ni àgbà nínú àwọn olùwò. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé Ṣínàtù, tó ṣe Ìyá Kọ́lé, ìyá ọkọ, nínú fíìmù náà, ló bí olùwò. Abọ́sẹ̀dé gba sídíì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí.

Kò sí ilé tí wọn ò ti wo *Ẹnu Ọ̀nà Kejì* nígbà tí Abọ́sẹ̀dé wà lọ́mọdé. Kí ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á wò ó lọ́dún Iléyá, wọ́n á wò ó bí òjò bá há àlejò mọ́lé, wọ́n á wò ó títí sídíì á fi ha, tí àwòrán á máa dúró lójú kan tí yóò tún máa fò, wọn ò sì ní bínú, torí wọ́n ti mọ ohun tó wà níbi tó fò. Àwọn ọmọdé á ti sọ ọ̀rọ̀ tán kí ẹni inú fíìmù tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí Ìyá Kọ́lé ti wo ilẹ̀ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbá, ẹnikẹ́ni kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á dúró dè é. Ṣínàtù á pòṣé, gbogbo pálọ̀ á sì pòṣé tẹ̀ lé e, baba, ìyá, àtọmọ ọmú.

Obìnrin tó ń ta ata ní Ìtòkú kọ̀ láti tajà fún Ṣínàtù lọ́jọ́ kan. Ó ní kó lọ tún ìwà ẹ̀ ṣe sí ìyàwó Kọ́lé ná. Ṣínàtù rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ilé. Abọ́sẹ̀dé tó di etí agbọ̀n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Nílé ìwé, wọ́n máa ń pòṣé sí i lẹ́yìn bó bá ń kọjá, wọ́n á ní ọmọ Ìyá Kọ́lé ń bọ̀, ẹ gbálẹ̀ dáadáa. Ó gbé ìtìjú yẹn dàgbà bí èèyàn ṣe ń gbé ilà ojú dàgbà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà," Olúgbọ́dé wí. "Ẹ ti padà sí àwọ̀ ewé. Kí lẹ̀ ń rò tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fi gbóná?"

"Ìnáwó ìsìnkú."

"Kò yẹ kẹ́ ẹ máa ro ìyẹn, mà. Ẹ ro ìwé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa látòkè."

Ó gbìyànjú láti rò ó. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ látòkè gùn, kò sì nídìí. Ó tu ọkàn lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn kì í gbé ibi tí a bá gbé e kà. Ó tún padà sí ọjọ́ ogójì Ṣínàtù, lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn Àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúrà tán. Ìyá arúgbó kan tí Abọ́sẹ̀dé ń bu ìrẹsì fún tẹ ẹnu mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ létí, ó ní, "Kí Ọlọ́run forí jì í, torí ohun tó fojú ọmọ ọlọ́mọ yẹn rí ò kéré." Arúgbó náà sọ ọ́ tòótọ́tòótọ́ ni. Ẹkún wà lójú rẹ̀ fún ìyàwó Kọ́lé, ẹni tí kò sí láyé rí.

Abọ́sẹ̀dé gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ Ilé Ìtura ni nígbà náà, Òfin Ìtura ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó sì ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fọ fíìmù kan. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi orúkọ òbí wọn gbẹ́ kànga, àwọn míì ń tẹ́ ẹní tuntun sí mọ́ṣáláṣí. Òun rò pé ẹ̀yẹ tó ju gbogbo ìyẹn lọ ni kí òun fọ orúkọ ìyá òun mọ́. Ó tẹ ìka rẹ̀ sínú ìwé náà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Fífọ̀ àkọ́kọ́, ìfọ́tí lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èébú lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òṣé lọ, ẹ̀rọ sì fi "ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi" sí Ṣínàtù lẹ́nu pẹ̀lú ohùn tó dùn bí ti ẹni ń polówó ọṣẹ. Ní gbogbo ilé ló ṣe yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí orí wáyà ni fíìmù ń gbé nígbà yẹn, àwọn ará ìlú sì ti kó sídíì wọn fún ìjọba. Kí ọdún méjì tó pé, ẹnikẹ́ni ò wo *Ẹnu Ọ̀nà Kejì* mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ìyá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú? Gbogbo fíìmù ló dà bẹ́ẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ìwòyí ń wo tuntun lójoojúmọ́, bẹ́ ẹ bá sì sọ fún wọn pé èèyàn lè wo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á bi yín bóyá ti àkọ́kọ́ ni kò yé onítọ̀hún.

Ìyá mi ni mo pa lẹ́ẹ̀kejì, Abọ́sẹ̀dé máa ń wí nínú ara rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tirẹ̀ ti pẹ́ lẹ́yìn ọ̀ràn tó fi di ará ilé, wọ́n jọ ń jẹun.

"Olúgbọ́dé."

"Mà."

"Kí ló máa ń já ẹ láyà?"

Ó ronú sí i. Àpáta ni wọ́n ń pe Olúgbọ́dé ní Ilé Ìtura, kì í sì í ṣe orúkọ ìkà, ó kàn bá a mu ni. Òun ni wọ́n máa ń fún ní fíìmù ogun àti fíìmù àìsàn. "Mi ò rò pé nǹkan kan wà," ó wí. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ̀gbà mi ò kúrò ní àwọ̀ ewé. Ìyàwó mi rí i. Ọdún méje ló fi ń bi mí léèrè, kó tó wá kẹ́rù ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbà náà ò yí lọ́jọ́ tó kẹ́rù?"

"Ó gbóná díẹ̀. Mo rò pé oòrùn ni."

Abọ́sẹ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹ̀rọ ò mọ ẹ̀rín yàtọ̀ sí ẹkún. Àyà tó bá já, ó já náà ni.

"Ẹ̀ bá yọwọ́, mà," Olúgbọ́dé wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ́ n wò ó. Ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ò ní ṣe mí. Òṣé ìyá yín á wà níbẹ̀ digbí, gbogbo ayé á tún máa gbọ́ ọ."

"Àfi èmi."

"Àfi ẹ̀yin."

"Tí mo bá sì jókòó?"

"Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Kò wá ní sí ẹni tó máa gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn yín."

Ó mọ gbogbo ìyẹn kí ó tó jókòó. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń fi ara rẹ̀ dánra wò. Ó wo fọ́tò Ṣínàtù láràárọ̀ títí tí kò fi rí i mọ́, ó pe orúkọ rẹ̀ léraléra nínú ilé ìwẹ̀ títí orúkọ náà fi di ariwo lásán. Ẹ̀gbà rẹ̀ dúró sí àwọ̀ ewé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ti sunkún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ló tún kù fún un láti sun? Ó ti di àgbàlagbà. Ó lè jókòó kó gbọ́ òṣé kan ṣoṣo láìmira.

Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ìró sálúbàtà dún láti ẹ̀yìnkùlé.

Ó ti gbàgbé sálúbàtà. Gbogbo ìmúra rẹ̀, òṣé ló múra dè. Ìró náà ń bọ̀, pàà, pàà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́ lójú ọ̀nà ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń retí pé kí ìyá òun dé kí àwọn lè jẹun. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gba àyà. Ẹ̀gbà náà jó o.

"Ó ti pọ́n," Olúgbọ́dé wí. Kò pariwo. "Sálúbàtà yẹn ti lọ, mà. Ẹ̀rọ ti mú un."

Òun ló gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú gbogbo ẹni tó wà láyé. Ó fẹ́ kí ó dùn mọ́ òun, kò dùn mọ́ ọn.

Lára ògiri, ìyàwó ilé dá ìgbálẹ̀ dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ yọ, ọwọ́ dúdú tó gún régé, tó di etí ilẹ̀kùn mú, tí ìka tó kéré jù lórí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó fún un nígbà kan. Ọwọ́ tó máa ń dì í nírun. Abọ́sẹ̀dé wo ìka náà. Ó fẹ́ rí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ débi pé eyín rẹ̀ dùn ún. Ó rò ó pé lẹ́ẹ̀kan péré ni, ta ló máa dá òun lẹ́bi, ìyá òun kọ́? Ó sì tún rántí pé bí òun ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí òun ń tẹ ìka sínú ìwé, pé ìyá òun mà ni, ohun tí òun bá fẹ́ ni òun lè fi ṣe.

Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó tẹ bọ́tìnnì funfun.

Ògiri di funfun báláú. Ohùn kan tó dùn sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ dáàbò bo ara yín." Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ké ṣín-ún lẹ́ẹ̀kan. Ó ti sé e mọ́ òde nìyẹn, títí ayé.

Olúgbọ́dé wọlé bó ṣe ń jáde. Kò kí i kú ìfaradà, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kàn yẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ fọ abọ́. Ilẹ̀kùn tì.

Abọ́sẹ̀dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ògì. Àpáta ni ògiri, kò jẹ́ kí nǹkan kan kọjá, síbẹ̀ ó gbé etí lé e. Ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nìkan. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀, òun àti Ṣínàtù wà nínú ilé kan náà, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, Àpáta sì ni Ṣínàtù ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Olúgbọ́dé jáde, àwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tutù bí ewé ẹ̀fọ́.

"Àyà mi ò já níbì kan," ó wí. "Mo ti fọwọ́ sí i. Bó ṣe wà ló máa wà, àfi sálúbàtà yẹn."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó gùn díẹ̀."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n le, mà. Wọ́n le gan-an." Ó ronú. "Ìyàwó yẹn náà sì dọ̀tí."

"Wọ́n pòṣé?"

"Wọ́n pòṣé."

"Báwo ni wọ́n ṣe pa á?"

Olúgbọ́dé wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà ò mọ̀ ọ́n sọ. Ká ní ó mọ̀ ọ́n sọ ni, ìyàwó rẹ̀ kì bá tí lọ. "Bí èèyàn ṣe ń pòṣé náà ni," ó wí níkẹyìn.

Abọ́sẹ̀dé fẹ́ fọ́ ọ létí. Ta ló tún ń pòṣé ní gbogbo Abẹ́òkúta? Láti ìgbà tí ohun gbogbo ti ń bọ́ sí i fún oníkálukú, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹlòmíràn tún ilẹ̀ gbá, òṣé ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ọmọdé kan ò gbọ́ ọ rí.

Olúgbọ́dé kọjú sí ẹ̀rọ ògì, ó gbé ife sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," ẹ̀rọ náà wí. "Ṣé ọkàn yín balẹ̀?"

"Ó balẹ̀."

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ògì yín tó jáde."

Olúgbọ́dé fa ètè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"A ò rí ẹ̀rín yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un rẹ́."

Ó tún un fà.

"A ò rí ẹ̀rín yín. Ṣé ẹ fẹ́ ká kọrin fún yín?"

Olúgbọ́dé yí ojú sápá òsì. Ó fi ahọ́n ti eyín òkè, ó sì pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ́lẹ́, ó fà á, ó ń gòkè bó ṣe ń fà á, ó gùn débi tó fi yẹ kó ti tán kò sì tán, ó wá já a lójijì, ó sì gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ni kò mọ ilẹ̀ gbá. Òṣé Ìyá Kọ́lé ni, kò lé, kò dín. Òṣé tí Ṣínàtù ń pa sí ìkòkò tó bá jóná, sí òjò tó bá rọ̀ sórí aṣọ tó sá, sí Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ nígbà tó gba odo nínú ìṣirò, kí ó tó wá fà á mọ́ra.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé pọ́n fòò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wà, kò sí fíìmù níbẹ̀ tí ẹ̀rọ máa fọ̀. Ẹ̀rọ ògì ò béèrè ẹ̀rín mọ́, ó bu ògì sínú ife.

"Tún un ṣe," Abọ́sẹ̀dé wí. Omi ti gba gbogbo ojú rẹ̀, kò nù ún.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Òṣé tó o pa yẹn."

"Mo pòṣé?" Ó yà á lẹ́nu. Ó fi ahọ́n kan eyín, ó gbìyànjú. Ohun tó jáde dà bí afẹ́fẹ́ tó ń jò nínú táyà kẹ̀kẹ́. Ó tún gbìyànjú. Èyí burú ju tàkọ́kọ́ lọ. "Kò wá mọ́. Inú ò bí mi mọ́ ni, mo ti rí ògì mi gbà." Ó gbé ife náà sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wo ilẹ̀kùn yàrá àkọ́wò. "Mà, mo fẹ́ bi yín. Ṣé òfin gbà kí èèyàn tún fíìmù kan wò? Ibi tí wọ́n ti wo ilẹ̀ yẹn. Mo ṣáà fẹ́ padà rí i."

Abọ́sẹ̀dé wo ọkùnrin náà. Ó wo ògì tó ń ṣe ooru lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti fi ẹ̀rín méjì tí kò ní tọrọ. Ó na ọwọ́, ó gba ife náà jẹ́jẹ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì.

Olúgbọ́dé wo ilẹ̀. Ó wo ife tó ṣófo. Ó yí ojú sápá òsì, Abọ́sẹ̀dé sì tẹ́tí sílẹ̀.